Mo ti dé Aboisso, Abidjan ti kù fẹ́ẹ́rẹ́: kí n wọlé lọ́la ni, àbí kí n dúró de ọjọ́ Àìkú?

Arìnjìnnà_Èjìgbò (Ọjọ́bọ̀, àárọ̀)

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Fún ẹni tí kò bá ọ̀rọ̀ yìí bọ̀ látilẹ̀: láti Èjìgbò ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ni mo ti gun kẹ̀kẹ́ ológeere, mo kọrí sí Abidjan. Ẹ kúkú mọ̀ pé agbo ilé tí kò ní èèyàn ní Abidjan ṣọ̀wọ́n ní Èjìgbò, bọ́ọ̀sì sì ń ti ìlú wa lọ síbẹ̀ tààrà. Ọ̀nà tí bọ́ọ̀sì ń tọ̀ lèmi náà tọ̀, àfi pé mo yẹ Èkó sílẹ̀ nítorí gosíló. Mo gba Ìwó, Ìbàdàn, Abẹ́òkúta, Ìlaròó, mo bá Ìdí Ìrókò bọ́ sí Ìgòlò, ó di Àjàṣẹ́, Kútọnu, Ouidah, Grand-Popo, Lomé, Accra, Cape Coast, Takoradi. Lánàá ni mo kúrò ní Gánà ní Elubo, wọ́n lu ìwé ìrìnnà mi lóǹtẹ̀ ní Noé, mo sì sùn sí Aboisso. Èyí tó kù kò ju nǹkan bíi kìlómítà 120 lọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí. Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ní Treichville, àdúgbò kan ní Abidjan, ní ọjọ́ Àìkú làwọn fẹ́ pàdé mi. Wọ́n ti bá onílù sọ̀rọ̀, wọ́n ti dá aṣọ, mo tún gbọ́ pé wọ́n ti sanwó ẹran. Òní Ọjọ́bọ̀ sì rèé. Bí mo bá tẹ̀ ẹ́ dáadáa, ìrọ̀lẹ́ ọ̀la á bá mi ní Treichville. Táyà ẹ̀yìn mi ti ya lẹ́gbẹ̀ẹ́, ìka méjì tó kẹ́yìn lọ́wọ́ òsì mi ò mọ ohun tí wọ́n ń dì mú mọ́, owó tó wà lápò mi náà kì í ṣe ti òtẹ́ẹ̀lì.

Ẹ̀gbọ́n mi kan wá dámọ̀ràn pé kí n rọra yọ́ wọlé lọ́la, kí n wẹ̀, kí n sùn, tó bá di àárọ̀ Àìkú kí n jáde padà lọ sí Port-Bouët, kí n wá máa bọ̀ lẹ́ẹ̀kejì bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti Èjìgbò dé, kí wọ́n máa lùlù. Ẹ̀rín pa mí, ṣùgbọ́n àbá náà wù mí díẹ̀. Kí lẹ rí sí i?

Ìyá_Treichville

Ọmọ mi, o kú ewu, o kú ìrìn. Ẹsẹ̀ ẹ ò ní kọ, kẹ̀kẹ́ ẹ ò ní gbé ẹ ṣánlẹ̀.

Jẹ́ kí n là á fún ẹ kí o mọ ìdí tó fi jẹ́ Àìkú. Ọjà la wá ṣe níbí. Lọ́jọ́ Ẹtì, bí a bá ti kírun Jímọ̀ tán, ìsọ̀ là ń padà sí. Àbámẹ́ta lọjà ń tà jù, òun náà sì ni ọjọ́ ìyàwó àti ìsọmọlórúkọ. Àìkú nìkan ni gbogbo wa máa ń rójú. Bí o bá dé lọ́jọ́ Ẹtì, èmi àti ọmọ tó ń bá mi tajà ló máa pàdé ẹ. A ó fún ẹ lómi, a ó bi ẹ́ léèrè ilé, a ó sì tún padà sídìí ọjà. Ṣé bí wọ́n ṣe ń gbàlejò ẹni tó fẹsẹ̀ tẹ kẹ̀kẹ́ láti ilé nìyẹn?

Ti àbá ẹ̀gbọ́n ẹ, bá mi sọ fún un pé Treichville ò tóbi tó bó ṣe rò. Àwa Anango, bí àwọn onílẹ̀ ṣe ń pe gbogbo àwa Yorùbá níbí, mọ ara wa láti òpópónà dé òpópónà. Kí ilẹ̀ ọjọ́ Ẹtì tó ṣú, fọ́tò ẹ á ti wà lórí WhatsApp, aṣọ ìnura á wà lọ́rùn ẹ.

Òfíntótó

Ẹ kú ìrìn, ẹ̀gbọ́n. Èmi ò ní fi bọ́tà ra ọ̀rọ̀ yìí: ẹ má wọlé lẹ́ẹ̀mejì. Fídíò ọjọ́ Àìkú yẹn á délé, àwọn ọmọ kéékèèké á wò ó ní Èjìgbò, ẹ ó sì mọ̀ pé tíátà lẹ ṣe fún wọn. Ẹ wọlé lọ́la tàbí kí ẹ dúró. Èyí tó bá wù yín nínú méjèèjì ló dára, ẹ̀kẹta ni kò dára.

Ọ̀rọ̀ kan tiẹ̀ ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ tẹ́ ẹ ò tíì dáhùn. Nígbà tẹ́ ẹ wà ní Gánà, ẹ kọ ọ́ síbí pé ẹ wọ ọkọ̀ ojú omi láti Anyanui dé Ada. Afárá ńlá wà lórí odò Volta ní Sogakope, títì ọlọ́dà ló sì dé ibẹ̀. Kí ló dé tẹ́ ò gba ibẹ̀? Nínú ìwé tèmi, ìrìn yín já níbẹ̀.

Arìnjìnnà_Èjìgbò

Ìyá, ẹ ṣé, ẹ kú ọjà. Mo ti gbọ́ ohun tẹ́ ẹ wí, mo sì ti sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi. Ó ní ẹ jọ̀ọ́.

Òfíntótó, mo mọ̀ pé ẹ máa gbé e dé. Bí mo ṣe ti Aflao wọ Gánà, ọ̀nà pín sí méjì. Ọ̀kan ni títì ńlá tó gba Akatsi lọ sí Sogakope, ọkọ̀ àjàgbé ló kún un. Èkejì ń bá etí òkun lọ sí Keta. Èyí ni mo gbà, n ò sì ká àbámọ̀. Lápá òsì mi, òkun. Lápá ọ̀tún, ọ̀sà. Àárín wọn ò fẹ̀ rárá láwọn ibì kan. Mo rí Fort Prinzenstein tí àwọn ará Denmark kọ́ lọ́dún 1784, òkun ti jẹ èyí tó pọ̀ nínú ẹ̀. Ní Anloga, inú iyanrìn funfun ni wọ́n ń gbin àlùbọ́sà kéékèèké sí, ebè wọn tò gbọọrọ bí ẹni fi rúlà fà á, obìnrin kan sì ń fi igbá wọ́n omi sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí èèyàn bá ti ibẹ̀ bá etí òkun lọ, ẹnu odò Volta ló máa já sí, kò sì sí afárá níbẹ̀. Àwọn oníṣòwò tó ń ná ọjà Anyanui ló kún inú ọkọ̀ náà, wọ́n gbé kẹ̀kẹ́ mi lé orí àpò gààrì, a kọjá. Ṣé kí n wá ti etí odò padà sẹ́yìn lọ sí Sogakope kí ìwé yín lè gún ni?

Òfíntótó

Bẹ́ẹ̀ ni.

Kẹ̀kẹ́_Ìbàdàn

Hahaha. Ẹ fi ọkùnrin yìí sílẹ̀. Odò kì í ṣe títì. Kò sẹ́ni tó ń wa kẹ̀kẹ́ lórí omi.

Ọ̀rẹ́, táyà ẹ ló ká mi lára ju ọkọ̀ ojú omi lọ. Nínú fọ́tò tí o gbé wá láti Takoradi, kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ ni, 700×35 ni wọ́n kọ sára táyà ẹ̀. Gbọ́ mi dáadáa: bí o bá bèèrè táyà kẹ̀kẹ́ ní Aboisso tàbí Bonoua, wọ́n á gbé 28 fún ẹ, ti kẹ̀kẹ́ àgbà aláwọ̀ dúdú yẹn. Lójú, ó máa dà bíi pé ó bá a mu. Kò bá a mu. Rímù tìẹ jẹ́ mílímítà 622, tọ̀hún jẹ́ 635. Á wọlé wọ́ọ́rọ́, á sì tú jáde lórí eré. Má fowó ẹ ṣòfò.

Ìbéèrè mi: ṣé ibi tó ya yẹn ti dé okùn inú táyà, àbí rọ́bà òde nìkan ló là? Bí o bá fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i, ṣé ó ń wú jáde bí eéwo?

Arìnjìnnà_Èjìgbò

Ó ń wú, ẹ̀gbọ́n. Gígùn ẹ̀ tó ìka kan àbọ̀. Mo ti ká ọ̀rá píọ́ wọ́tà ní ìlọ́po mẹ́rin sí i lábẹ́, ìyẹn ló gbé mi dé ibí. Mo rò ó pé kí n gbé táyà iwájú sẹ́yìn, kí n gbé tẹ̀yìn síwájú, nítorí ẹ̀yìn lẹrù wà.

Kẹ̀kẹ́_Ìbàdàn

Má dán an wò! Táyà tó le ni kí o jẹ́ kó wà níwájú. Bí tẹ̀yìn bá bẹ́, kẹ̀kẹ́ á yẹ̀, wàá fẹsẹ̀ tilẹ̀, wàá dúró. Bí ti iwájú bá bẹ́ lójú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, eyín lo máa fi gba títì.

Ẹrù ni kí o gbé síwájú. Omi, irinṣẹ́, gbogbo ohun tó bá wúwo, dì í mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́. Dín afẹ́fẹ́ ẹ̀yìn kù díẹ̀, kì í ṣe púpọ̀, kí rímù má baà máa gbá túbù. Ọ̀rá píọ́ wọ́tà kì í pẹ́ kó tó yọ̀ kúrò. Wá táyà kẹ̀kẹ́ tó ti kú, gé ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ tó fẹ́lẹ́ ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́, fá etí ẹ̀ kó má nípọn, kí o tẹ́ ẹ sábẹ́ ibi tó ya. Bí o bá rí abẹ́rẹ́ àti okùn tó yi, rán ojú ẹ̀ pọ̀ kí o tó tẹ́ ẹ. Àwọ̀n ẹja ló ní okùn tó dára jù.

Nọ́ọ̀sì_Abẹ́òkúta

Ẹ kú ìrìn o. Ti ìka yẹn, ẹ má fojú kéré ẹ̀. Iṣan kan wà tó gba ìdí àtẹ́lẹwọ́ kọjá lọ sí ọmọńdinrin àti ìka tó tẹ̀ lé e. Ibẹ̀ gan-an lẹ ń fi tẹ ọwọ́ kẹ̀kẹ́ látàárọ̀ ṣúlẹ̀, títì kóbokòbo sì ń gbá a. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ àwọn méjì yẹn ló kú, tí àtàǹpàkò ò ṣe nǹkan kan.

Ẹ ká aṣọ mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́ kó nípọn. Ẹ wo gàárì: bí imú ẹ̀ bá dorí kodò, ńṣe lẹ ó máa yọ̀ síwájú, ọwọ́ lẹ ó sì máa fi gbé ara yín dúró. Ẹ jẹ́ kó tẹ́jú. Ẹ má na ìgbọ̀nwọ́ gbọnrangandan. Ẹ máa yí ọwọ́ padà kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ro yín, kì í ṣe lẹ́yìn tó bá ti kú. Bí ẹ ò bá lè fi ìka náà mú bọ́tìnnì dè, dókítà ni kí ẹ rí ní Abidjan, kí ẹ tó wọ aṣọ ijó.

Ní tèmi, ẹ dúró. Ọjọ́ méjì tí ọwọ́ yẹn bá fi sinmi kì í ṣe òfò.

Ọmọ_Àjàṣẹ́

Èmi lẹ bá fi ẹ̀kọ jẹun ní Porto-Novo. Inú mi dùn pé ẹ ti dé bẹ́ẹ̀.

Ẹ má jẹ́ kí kìlómítà 120 yẹn tàn yín. Ẹ rántí bí afẹ́fẹ́ ṣe ń bá yín jà láti Ouidah dé Grand-Popo? Òun náà ló ń dúró dè yín. Gbogbo etí òkun wa yìí, láti ìwọ̀ oòrùn gúúsù ni atẹ́gùn ti ń fẹ́, ìwọ̀ oòrùn lẹ sì ń lọ. Láàárọ̀, kò ní lágbára. Tó bá di ọ̀sán, tí ilẹ̀ ti gbóná, òkun á bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ ẹ sí yín lójú. Ẹni tó bá fẹ́ lọ láti Aboisso wọ Treichville ní ọjọ́ kan, ọ̀sán gangan ni yóò bá a láàárín Grand-Bassam (tí wọ́n ń pè ní Bassam) sí Abidjan, ibẹ̀ náà sì ni ọkọ̀ pọ̀ sí jù. Ẹ pín in sí méjì. Ẹ lọ sí Bassam lọ́la, kí ẹ fi àárọ̀ kùtù ọjọ́ tó bá wù yín wọ Abidjan.

Àbá kan sì rèé. Dípò kẹ́ ẹ wọlé lẹ́ẹ̀mejì, kí ló dé tí àwọn ọ̀dọ́ Treichville ò gbé kẹ̀kẹ́ wá pàdé yín ní Bassam, kí gbogbo yín jọ wọlé lọ́jọ́ Àìkú? Kò ju nǹkan bí ogójì kìlómítà lọ.

Ìyá_Treichville

Ọmọ Àjàṣẹ́, Ọlọ́run á bù kún ẹ. Ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n nìyẹn. Mo ti pe àwọn ọmọ wa. Mẹ́ta ti ní àwọn á wá. Ọ̀kan nínú wọn, láti ìgbà tó ti kúrò ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni kò ti gun kẹ̀kẹ́ mọ́, ó ní òun á yá ti ọkùnrin tó ń ta àgbọn.

Ọmọ_Ògìyán

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín látìgbà yìí, mi ò fẹ́ dá sí i. Bàbá mi ló mú mi sọ̀rọ̀. Accra ni wọ́n wà, ní Lagos Town, tí wọ́n ń pè ní New Town báyìí, nígbà tí ìjọba Busia, olórí ìjọba Gánà nígbà náà, pàṣẹ ní oṣù kọkànlá 1969 pé àjèjì tí kò níwèé gbọ́dọ̀ kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Aṣọ tí bàbá mi ń tà wà nínú ìsọ̀, gbèsè wà lóde, kò sáyè àtigbà á. Wọ́n dé Èjìgbò pẹ̀lú àpótí kan. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ọ̀nà Abidjan ni wọ́n mórí lé, wọn ò sì yà ní Accra mọ́ títí wọ́n fi kú, bí ọkọ̀ ṣe ń gba ibẹ̀ kọjá tó.

Arìnjìnnà, ṣé o dé New Town nígbà tí o wà ní Accra?

Arìnjìnnà_Èjìgbò

Mo débẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Ibẹ̀ ni mo sùn sí. Ìyá àgbà kan tó ń ta ewé àti egbò lẹ́bàá mọ́ṣáláṣí ló fi Yorùbá kí mi, ohùn Ògbómọ̀ṣọ́ pọ́ńbélé, wọ́n sì ní Accra ni wọ́n bí àwọn sí. Mo bi wọ́n pé báwo ni wọ́n ṣe bọ́ nínú ti 1969. Wọ́n ní ọkọ àwọn lọ, àwọn ò lọ. Wọn ò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, mi ò sì tún bèèrè. Wọ́n fún mi ní ẹ̀kọ mẹ́rin pé kí n fi jẹun lọ́nà.

Mo ti pinnu o. Bassam ni mò ń lọ lọ́la, ibẹ̀ ni mo sì máa dúró sí. Mà á kọ̀wé bí mo bá débẹ̀.

Arìnjìnnà_Èjìgbò (Ẹtì, ìrọ̀lẹ́)

Mo ti wà ní Grand-Bassam.

Ọ̀nà Aboisso sí Bonoua kò tẹ́jú o. Òkè kò ga, ṣùgbọ́n wọn ò tán: o sọ̀, o gùn, o sọ̀, o gùn. Oko rọ́bà ló pọ̀ jù lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Ife dúdú kékeré kan wà lára igi kọ̀ọ̀kan, wọ́n fi wáyà so ó mọ́ ìsàlẹ̀ ibi tí wọ́n ti bó èèpo ní ìdagẹ̀rẹ̀, oje funfun sì ń kán sínú ẹ̀. Òjìji igi náà tutù lára. Ìgbà tí ọkọ̀ tó kó rọ́bà tó ti dì kọjá lára mi ni mo mọ ohun tí wọn ò kọ sínú ìwé. Òórùn yẹn! Mo dáwọ́ ẹsẹ̀ dúró, mo jẹ́ kó lọ jìnnà kí n tó tún tẹ̀ ẹ́. Ó burú ju fùfú lọ.

Mo jẹ ọ̀pẹ̀yìnbó ní Bonoua, wọ́n gé e fún mi lójú ẹsẹ̀. Mo sọdá odò Comoé ní Moossou ní nǹkan bí agogo kan ọ̀sán. Afẹ́fẹ́ tí Ọmọ_Àjàṣẹ́ wí ti bẹ̀rẹ̀ nígbà yẹn. Bí ẹ bá bi mí bóyá ǹ bá dé Treichville lónìí, ǹ bá dé, ṣùgbọ́n ìbínú ni ǹ bá fi wọ̀ ọ́.

Mo rí yàrá olówó pọ́ọ́kú lọ́dọ̀ ìyá kan tó ń ta ẹja. Mo ti jẹ garba, ìyẹn àtíèké (ẹ̀gẹ́ rírin tí wọ́n fi ooru omi sè) àti ẹja tuna díndín pẹ̀lú ata tútù àti àlùbọ́sà. Mo jẹ ẹ́ tán, mo tún ra òmíràn.

Kẹ̀kẹ́_Ìbàdàn

Táyà ńkọ́?

Arìnjìnnà_Èjìgbò

Ó gbé mi dé. Bó ṣe kù díẹ̀ kí n dé afárá ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ tàkà, tàkà, tàkà, ibi tó wú yẹn ń gbá férémù. Mo sọ̀kalẹ̀, mo fẹsẹ̀ rìn kọjá lórí afárá. Òfíntótó, ṣé ìwé yín gba ìrìn ẹsẹ̀?

Òfíntótó

Ìrìn ẹsẹ̀ dára. Kẹ̀kẹ́ wà lọ́wọ́ yín, ilẹ̀ lẹ sì tẹ̀.

Ọmọ_Àjàṣẹ́

Níwọ̀n ìgbà tẹ́ ẹ ti máa wà níbẹ̀ lọ́la, ẹ lọ wo apá tí wọ́n ń pè ní Quartier France. Ibẹ̀ ni olú-ìlú nígbà tí àwọn Faransé ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ilẹ̀ náà, títí ibà pọ́njú fi pa wọ́n níbẹ̀ lọ́dún 1899, wọ́n bá kó olú-ìlú lọ sí Bingerville. UNESCO fi í sínú àwọn ibi àjogúnbá ayé lọ́dún 2012. Ibẹ̀ náà ni àwọn obìnrin wọ́ lọ láti Abidjan ní oṣù kejìlá 1949, nítorí àwọn olóṣèlú tí ìjọba Faransé tì mọ́lé sí ẹ̀wọ̀n Bassam. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rìn ín. Ẹ wá ń bẹ̀rù afẹ́fẹ́ lórí kẹ̀kẹ́.

Arìnjìnnà_Èjìgbò (Àbámẹ́ta, ọ̀sán)

Mo dé Quartier France láàárọ̀ yìí. Òkun wà lápá kan, ọ̀sà wà lápá kejì. Àwọn ilé alájà ńlá wà níbẹ̀ tí òrùlé wọn ti wó, tí igi ti gba ojú fèrèsé yọ jáde. Àwọn kan wà tí wọ́n ti tún ṣe, tí wọ́n kùn dáadáa, kò sì ju ògiri kan lọ láàárín wọn. Mo jókòó sídìí ère àwọn obìnrin 1949 yẹn fún ìgbà díẹ̀, mo fún ọwọ́ mi ní ìsinmi bí Nọ́ọ̀sì ṣe wí. Ọmọńdinrin ti ń mọ nǹkan lára báyìí. Mo dè bọ́tìnnì.

Ó di ọ̀rọ̀ táyà. Fọganáísà tí mo bá, táyà gbaka, bọ́ọ̀sì kékeré akérò ibí, ló ń lẹ̀. Ó ní òun ò fọwọ́ kan kẹ̀kẹ́ rí láti ìgbà tóun ti ń ṣiṣẹ́. Mo ṣàlàyé ohun tí Kẹ̀kẹ́_Ìbàdàn kọ fún un ní Faransé tí mo gbọ́ lẹ́nu àwọn ará Abidjan tó máa ń wálé sí Èjìgbò. Ó rẹ́rìn-ín, ó rán ọmọ ẹ̀ lọ sétí òkun, ọmọ náà sì mú okùn àwọ̀n aláwọ̀ ewé kan dé lọ́dọ̀ àwọn apẹja. Wọ́n fi abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń rán àpò rán an. Ó gun abẹ́rẹ́ wọlé láti inú, mo fi pílásì fà á jáde níta, ó ta á lókó lójú kọ̀ọ̀kan kí ọ̀kan má baà tú kí gbogbo ẹ̀ tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà ló gé ẹ̀gbẹ́ táyà kẹ̀kẹ́ ọmọdé kan tó wà nínú ìdọ̀tí ẹ̀, ó fi òkúta fá a títí etí ẹ̀ fi fẹ́lẹ́, ó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ sábẹ́. A fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i. Kò wú mọ́. Mo gùn ún lọ gùn ún bọ̀ níwájú ìsọ̀ ẹ̀, gbogbo àwọn oníbàárà ẹ̀ ń wò mí. Kò gbowó iṣẹ́, owó gọ́ọ̀mù ló gbà.

Kẹ̀kẹ́_Ìbàdàn

Ó ta á lókó lójú kọ̀ọ̀kan! Ọ̀gá ni ọkùnrin yẹn. Bá mi kí i. Ìyẹn á gbé ẹ kọjá Abidjan bí o bá fẹ́.

Ìyá_Treichville

Kó má gbé e kọjá o!

Ọmọ mi, gbọ́ bí o ṣe máa wọlé. Títì ńlá tuntun wà láti Bassam, èyí tí wọ́n ṣí ní 2015. Má gbà á. Eré àsápajúdé ni wọ́n ń sá níbẹ̀, kò sáyè fún kẹ̀kẹ́. Ọ̀nà àtijọ́ tó gba Gonzagueville ni kí o tọ̀. Gbaka máa ń dúró lójijì níbẹ̀ láti gbé èrò, wọn kì í wo ẹ̀yìn, nítorí náà má sún mọ́ ìdí wọn. Bí o bá rí i tí ọmọ ọkọ̀ yọ ọwọ́ síta, mọ̀ pé ó fẹ́ dúró nìyẹn. Àárọ̀ Àìkú, wọn ò ní pọ̀. Bí o bá dé oríta Akwaba ní Port-Bouët, wàá bọ́ sí búlẹ́fáàdì Valéry Giscard d'Estaing (VGE), òun ló máa mú ẹ la Koumassi àti Marcory kọjá dé ọ̀dọ̀ wa. Àwọn afárá tó lọ sí Plateau ò kàn ẹ́. Bí o bá ti ń rí omi níwájú, o ti kọjá ilé nìyẹn.

A ti gba àwọn onílù láti agogo mẹ́wàá.

Òfíntótó

Ìbéèrè mi tó kẹ́yìn. Báwo lẹ ṣe fẹ́ padà sílé? Ṣé ẹ máa gùn ún padà ni?

Arìnjìnnà_Èjìgbò

Gùn ún kẹ̀? Bọ́ọ̀sì Èjìgbò ni mò ń wọ̀, bí kẹ̀kẹ́ bá ti rí àyè lórí ẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀. Mà á tú táyà iwájú, mà á tú pẹ́dàlì, mà á yí ọwọ́ ẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kó má gba ibi púpọ̀. Wọ́n ní owó ẹrù ẹ̀ yàtọ̀ sí owó tèmi. Mo fẹ́ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, kí n máa wo gbogbo òkè tó fìyà jẹ mi.

Ìyá_Treichville

Ta ló ń padà láàárín ọ̀sẹ̀? Lọ́jọ́ Ajé, ọ̀dọ̀ mi lo ti ń jẹun. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ọ̀dọ̀ alága ẹgbẹ́. Àwọn ará Adjamé ti ní bí o ò bá dé ọ̀dọ̀ àwọn, àwọn ò ní bá wa sọ̀rọ̀ mọ́. Ìyá ẹ ti fóònù mi, mo sì ti sọ fún wọn pé kí wọ́n má retí ẹ.

Arìnjìnnà_Èjìgbò (Àìkú, ìdájí)

Ẹ kú ìdájí. Àwọn mẹ́ta náà ti dé. Orí gbaka ni kẹ̀kẹ́ wọn wà, inú ẹ̀ làwọn náà jókòó sí láti Treichville dé ibí. Wọ́n ní òkùnkùn ṣì wà nígbà táwọn fẹ́ gbéra. Kẹ̀kẹ́ alágbọn ò ní bíréèkì ẹ̀yìn, mo ti ní kí ẹni tó gùn ún máa wà lẹ́yìn gbogbo wa.

Òfíntótó

Ti àwọn yẹn ò sí nínú ìwé kankan.

Ìyá_Treichville

Kí wọ́n ṣáà gùn ún wọlé. Mo ti gbé omi ọkà kaná. Ẹ má yà mu kọfí ní Gonzagueville o, mo mọ àwọn ọmọ yẹn.